Ẹ Fẹnu Kò Lórí Owó Kí Ẹ Tó Gbé Irinṣẹ́

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abúlé olóko kòkó kan nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà kò dé. Wọ́n á gbé ìdì aṣọ, wọ́n á wọ inú oko lọ, wọ́n á sì ta aṣọ láwìn fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni wọ́n ń padà wá. Bí oníbàárà bá ní kò sówó, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní jókòó, kò sì ní lọ títí owó yóò fi jáde. Ìlóṣòó yìí ni gbogbo ayé fi ń rántí wọn, òun àti ariwo àti ìtìjú lójú ará ilé. Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni a kì í sọ. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri abúlé gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ra kí ni, iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, èyí tó ti san, èyí tó kù, àti ọjọ́ tó yẹ kí òun padà. Àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣàdéhùn, ìgbà tó bá lóṣòó, orí kí ni yóò ti béèrè owó?

Oníṣẹ́ ọwọ́ òde òní náà ń ta àwìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kun ilé tán kí wọ́n tó sanwó fún un ti tajà láwìn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ẹni tó se oúnjẹ òde ìgbéyàwó, ẹni tó ya fọ́tò níbi ìsìnkú, àti ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ gbá ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ tiwọn tilẹ̀ le ju ti aláṣọ lọ, nítorí aṣọ ṣeé gbà padà; ọ̀dà tó ti gbẹ mọ́ ògiri kò ṣeé há kúrò, oúnjẹ tí àlejò sì ti jẹ ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀, orí ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ owó sí, tàbí ìwé kan tó ti fàya, tàbí àárín ọ̀rọ̀ WhatsApp tí fọ́tò ọmọ àti àdúrà àárọ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Oníbàárà á ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ẹ ṣáà ṣe é dáadáa, a ò ní jà lórí owó.” Gbólóhùn yìí gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ti ní iye kan lọ́kàn, kò sì sẹ́ni tó sọ tirẹ̀ jáde.

Áàpù tí a fi ń kọ ẹ́sítíméètì àti ínfọ́ìsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ wa mọ̀ dáadáa, nítorí iṣẹ́ tí òṣómàáló ń fi orí ṣe yẹn ló ń bá ènìyàn ṣe: ó ń rántí ẹni, ó ń rántí iye, ó ń rántí ọjọ́. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lẹ ó ti lò ó, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ni àkọsílẹ̀ yín wà. Bí fóònù bá já sómi lónìí, ẹ gba fóònù mìíràn lọ́la, ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Irú wọn pọ̀: QuickBooks ti ilé iṣẹ́ Intuit ní Amẹ́ríkà, Zoho Invoice tí àwọn ará Íńdíà ṣe tí wọn kì í gbowó lórí rẹ̀, Invoice Ninja tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, àti FreshBooks ti Kánádà. Ìtàn FreshBooks máa ń dùn mọ́ mi, torí oníṣẹ́ kékeré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2003, Mike McDerment ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Toronto tó ń bá àwọn ènìyàn ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Microsoft Word ló fi ń kọ bíìlì. Lọ́jọ́ kan ó ṣèèṣì fi bíìlì tuntun pamọ́ lé orí ti àtijọ́, ti àtijọ́ sì pa rẹ́. Inú bí i débi pé ó jókòó láti ṣe áàpù tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yí orúkọ oníbàárà padà nínú bíìlì àtijọ́ rí, tó wá gbàgbé láti yí iye owó, mọ irú ìbínú náà.

Ìwé mẹ́ta ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń kọ. Ẹ́sítíméètì ń sọ iye tí iṣẹ́ yóò ná oníbàárà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ínfọ́ìsì ń béèrè owó. Rìsíìtì ń jẹ́rìí pé owó ti wọlé. Ínfọ́ìsì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń sáré sí, torí owó ni wọ́n ń wá. Èrò tèmi yàtọ̀. Inú ẹ́sítíméètì ni iṣẹ́ gidi wà. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, ínfọ́ìsì kò ju kí ẹ tẹ bọ́tìnì kan lọ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ínfọ́ìsì tó lẹ́wà jù láyé ni oníbàárà yóò fi bá yín jà.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣẹ́ iná sólà kan ní Àkọ́bọ̀, n'Ìbàdàn, ká wo bó ṣe máa kọ tirẹ̀. Mama kan fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Oníṣẹ́ ti lọ wo ilé, ó ti ka fíríìjì, fáànù àti gílóòbù, ó ti mọ ohun tí ilé náà ń jẹ. Ọ̀nà àtijọ́ ni kó sọ pé, “Mama, mílíọ̀nù mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀.” Nínú áàpù, yóò tú u palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ínfátà 3.5 kVA kan, 650,000 náírà. Bátìrì líthíọ̀mù 5 kWh kan, 1,200,000. Pánẹ́ẹ̀lì 550 W mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 130,000, èyí di 780,000. Áàpù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò yẹn, ẹ kàn kọ mẹ́fà àti iye ẹyọ kan ni. Wáyà, bréékà àti irin tí a fi ń de pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé, 210,000. Owó iṣẹ́, 160,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,000,000. (Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí o, ọjà lè ti yí padà kí ẹ tó kà á.) Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n mama ti rí i báyìí pé owó tó máa bọ́ sápò oníṣẹ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀. Ẹni tó rò pé wọ́n fẹ́ fi òun jẹun á rọ̀.

Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ààyè kan wà níbẹ̀ fún àlàyé, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í sì kọ nǹkan kan sí i. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ ohun tí owó yín kò kó mọ́ra sí: pé ẹ kò ní tún wáyà àtijọ́ inú ilé ṣe, pé bí pákó òrùlé bá ti jẹrà, mama ni yóò wá káfíńtà. Ibẹ̀ lẹ ó kọ ẹni tí yóò ṣe ìdánilójú bátìrì sí, bóyá ẹ̀yin ni tàbí ẹni tó tà á fún yín, àti iye ọdún tó jẹ́. Ibẹ̀ lẹ ó kọ iye ọjọ́ tí ẹ́sítíméètì náà fi lágbára sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí báǹkì àpapọ̀ ní kí náírà lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà kọjá 600 láàrin ọjọ́ kan. Òkè òkun ni ínfátà àti bátìrì ti ń wá. Oníṣẹ́ tó ti fẹnu sọ iye kan lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, tí kò kọ ọjọ́ sí i, ní láti yàn: kí ó ra ọjà lówó tuntun kó sì jẹ gbèsè, tàbí kó padà lọ bẹ oníbàárà kó sì dà bí onírọ́. Ìlà kan ṣoṣo, “Iye owó yìí wà fún ọjọ́ 7”, ì bá ti gbà á lọ́wọ́ méjèèjì. Áàpù máa ń ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Bó bá ti pé, yóò kọ ọ́ sára ìwé náà pé àkókò rẹ̀ ti kọjá.

Àsansílẹ̀ tún ńkọ́? Inú ìwé kan náà ló wà. Ẹ kọ ọ́ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 2,100,000, ni ẹ fi máa ra ọjà, àti pé 900,000 tó kù yóò wọlé láàrin ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí iná bá tàn. Tó bá ti wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ kì í dun oníbàárà mọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ni kí ẹ wá máa béèrè rẹ̀ lójijì lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó kọ́ áàpù wọ̀nyí kò ronú kan ìnájà. Ní Toronto, oníbàárà máa ń gbà tàbí kó kọ̀. Lọ́dọ̀ wa, mama á ka ìwé náà tán, á gbé fóònù, á ní, “Ọmọ mi, gba mílíọ̀nù méjì àbọ̀.” Kò burú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ọjà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí oníṣẹ́ gbà lẹ́nu, kó wá lọ fi bátìrì tí kò dára rọ́pò èyí tó sọ, kí ìṣòro wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ́sítíméètì tó tú palẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ ná ọjà láìṣe èrú. Ẹ lè ní, “Mama, ká yọ pánẹ́ẹ̀lì méjì, ká fi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ná, yóò di 2,740,000. Ẹ óò fi méjì kún un tí owó bá wà.” Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, iye tuntun jáde lójú ẹsẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ dín in kù ní tòótọ́ torí pé mama ló bá yín wá iṣẹ́ méjì tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dínwó, kí ó rí oore tí ẹ ṣe. Oore tí a kò kọ, ẹnì kejì máa ń rò pé iye rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò sí n'Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ti Houston wá, tàbí Peckham, lọ́wọ́ ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé. Ọmọ náà ti gbọ́ ìtàn tó pọ̀: ti ẹni tó fi owó ilé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tí ilé kò kọjá ìpìlẹ̀, ti ẹni tó ra bátìrì mẹ́rin tó bá méjì nílé. Nítorí náà, ohùn ìfura ni yóò fi bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀, oníṣẹ́ tí kò sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kankan á bínú. Mo ti rí i tí iṣẹ́ tó dára bàjẹ́ báyìí. Ẹ́sítíméètì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ṣe. Líǹkì kan náà ni mama àti ọmọ yóò ṣí, iye kan náà ni wọ́n á rí, orúkọ ọjà kan náà, nọ́ńbà kan náà. Ọmọ á ka a ní àkókò tirẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, á béèrè ìdí tí bátìrì fi wọ́n, wọ́n á dá a lóhùn, lẹ́yìn náà á tẹ ibi tó ní òun gbà. Áàpù á kọ ọjọ́ àti wákàtí tó gbà á sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń lọ, oníṣẹ́ lè so fọ́tò mọ́ ọn, kí nọ́ńbà ara bátìrì hàn. Kò pọn dandan kí ọmọ náà fọkàn tán ẹni tí kò rí rí. Ohun tó wà lójú òun náà ló ń sanwó fún.

Lágbedeméjì iṣẹ́, mama á rántí pé òun fẹ́ kí iná dé ilé ẹ̀yìn pẹ̀lú. “Wáyà díẹ̀ ni, ẹ bá mi fà á.” Níbí ni èrè ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń jò lọ. Wáyà díẹ̀ yẹn ní owó, ó sì ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ má kọ̀ fún mama, ẹ má sì fà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ máa kùn. Ẹ kọ ẹ́sítíméètì kékeré mìíràn lójú ibẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kí wọ́n gbà á kí ẹ tó gbẹ́ ògiri. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìgbà tí iná bá tàn, ẹ padà sórí ẹ́sítíméètì, ẹ tẹ ibi tí ó ti ń di ínfọ́ìsì. Gbogbo ìlà á tẹ̀lé e, àsansílẹ̀ tó ti wọlé á yọ kúrò, 900,000 ló máa kù. Áàpù á fún un ní nọ́ńbà tó tẹ̀lé ti ìṣáájú, kò sì sí ínfọ́ìsì méjì tó máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Èyí dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá pè yín lẹ́yìn oṣù mẹ́rin láti béèrè nípa ínfọ́ìsì 0047, ẹ óò mọyì rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ lè wo ipò tó wà: ó ti lọ, wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti san díẹ̀, wọ́n ti san tán, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. “Wọ́n ti ṣí i” yìí lágbára púpọ̀. Ẹni tó bá ní òun kò rí ìwé kankan gbà, ẹ̀yin mọ ọjọ́ tó kà á. Ẹ má fi kàn án lójú o. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n, kí ẹ fi mọ bí ẹ ó ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Orí ìránnilétí ni mo ti ní ẹ̀sùn sí àwọn tó ṣe áàpù. Áàpù lè máa rán oníbàárà létí fúnra rẹ̀: lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn dára. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ látilẹ̀wá ni kò dára fún wa. Gẹ̀ẹ́sì gbígbẹ ni, kò sí ìkíni, kò sí orúkọ oyè, àfi pé owó rẹ ti pẹ́, san án. Ẹ wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó dé ọwọ́ Alhaja ẹni àádọ́rin ọdún láti ọ̀dọ̀ ẹni tó lè bí lọ́mọ. Á san owó, kò sì ní pè yín mọ́ láé. Ọ̀pọ̀ áàpù gidi ló gbà kí ẹ yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sì ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu:

“Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Inú wa dùn pé iná ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó tó kù lórí iṣẹ́ náà jẹ́ 900,000 náírà, Ọjọ́rú yìí ni ọjọ́ tí a jọ dá. Ìwé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí. Tí ohunkóhun bá wà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè wá. Ẹ ṣeun mà.”

Gbólóhùn tó ṣáájú ìdúpẹ́ níbẹ̀ wúlò ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì sanwó, nǹkan kan ló ń bí i nínú tí kò sọ: bréékà kan tó ń já, ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri tí wọn kò dí. Bí ẹ bá fún un láyè láti sọ ọ́, ẹ óò tún un ṣe, owó á jáde. Òṣómàáló kò ní ọ̀nà yìí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn dé ibẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló fi ń ko ìtìjú oníbàárà, ìbínú sì máa ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn owó. Nígbà tí áàpù bá ń rán ènìyàn létí lọ́jọ́ tí a dá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, ẹ lè pàdé mama yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí kí ẹ kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, láìjẹ́ pé ojú ń ti ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí nìkan, mo lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó lò ó.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé náà lè wà lára ínfọ́ìsì. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015 tí ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020, ní ínfọ́ìsì tirẹ̀ tí ẹ lè fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́. Lórí owó abẹ́lé, wọ́n ń yọ 1.5% àti 100 náírà, ṣùgbọ́n kì í kọjá 2,000. Nítorí náà, lórí 900,000 tiwa yìí, 2,000 náírà ni wọ́n máa yọ. Káàdì òkè òkun wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè tó wà nínú rẹ̀ ni pé álẹ́ẹ̀tì ayédèrú kò lè tàn yín, torí pé ínfọ́ìsì kì í yí sí “ó ti san” àyàfi tí owó bá wọlé lóòótọ́. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì lásán lẹ kọ sí i, ẹ sọ fún oníbàárà látìbẹ̀rẹ̀ pé nọ́ńbà náà kò ní yí padà láé, kí wọ́n pè yín tí wọ́n bá rí ìwé tó gbé nọ́ńbà mìíràn wá. Àwọn ọlọ́ṣà wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n já wọ inú íméèlì oníṣẹ́, kí wọ́n yí nọ́ńbà báǹkì padà lára ínfọ́ìsì, kí wọ́n sì jókòó ti owó.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń padà wá lóṣooṣù, bíi ẹni tó ń bá ilé ìwé ṣe ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì, áàpù lè kọ ínfọ́ìsì kan náà kó sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù láìjẹ́ pé ẹ rántí.

Ọ̀rọ̀ owó orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni VAT ti di 7.5% ní Nàìjíríà. Lórí iṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn jẹ́ 225,000. Òfin kò ní kí gbogbo oníṣẹ́ kékeré gbà á, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣirò owó kí ẹ tó tẹ ibi tí áàpù ti ń fi kún un. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́, wọ́n lè yọ owó orí kan sílẹ̀ nínú owó yín kí wọ́n san án fún ìjọba lórúkọ yín. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sínú áàpù kí ó má bàa dà bíi gbèsè tó kù. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù 5 náírà. Àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester ti ní òfin tiwọn: láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2026, ẹni tí owó iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ti ilé tó fi ń háyà bá kọjá 50,000 pọ́n-ùn lọ́dún gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Iye náà yóò sọ̀kalẹ̀ sí 30,000 ní 2027, àti 20,000 ní 2028. Òfin ilẹ̀ náà láti 1998 tún gbà kí oníṣẹ́ béèrè èlé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fi owó rẹ̀ falẹ̀. Yóò ṣòro fún ẹni tó bá ń gbá ọ́fíìsì nílùú òyìnbó tí kò ní ínfọ́ìsì tó ní ọjọ́ lórí láti jẹ àǹfààní òfin yẹn.

Àwọn ohun tó ń dunni nínú áàpù wọ̀nyí náà wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbowó, dọ́là ni wọ́n ń gbà á lóṣooṣù, dọ́là kì í sì í dúró sójú kan. Mi ò rí ìdí tí oníṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ yóò fi san án. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó. Íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ nígbà tí ẹ wà nílé oníbàárà, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà PDF sínú fóònù, ẹ tẹ ọ̀kan sórí ìwé fún baba tí kò fẹ́ mọ nǹkan kan nípa líǹkì. Ìkìlọ̀ mi tó le jù ni pé kí ẹ má kó àkọsílẹ̀ yín sínú áàpù tí kò ní jẹ́ kí ẹ kó o jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kó gbogbo orúkọ àti ínfọ́ìsì jáde sínú fáìlì kan. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ fi áàpù náà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè kógbá sílé, ó lè fowó lé e lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ ọdún márùn-ún yín kò sì gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò láti kó gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ̀ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀: kó kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kó fi lógò sí i tó bá ní, kó kọ ìlà márùn-ún, kó fi ránṣẹ́ kó tó gbé irinṣẹ́ sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn bí iṣẹ́ mẹ́wàá, áàpù á ti lè fi hàn án irú iṣẹ́ tó ń mérè wá àti irú èyí tó kàn ń gba àsìkò, àti oníbàárà tó máa ń sanwó lọ́jọ́ tí a dá. Ní ti àwọn tó ti jẹ gbèsè láti àtijọ́ láìsí ìwé kankan láàrin yín, ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ó kù sílẹ̀ fún ara yín, ṣùgbọ́n ẹ pa ìránnilétí áàpù lórí orúkọ wọn. Wọn kò bá yín ṣe irú àdéhùn yẹn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ kí wọn, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye kan àti ọjọ́ kan. Nígbà náà ni kí ẹ tó kọ ínfọ́ìsì sí wọn.